Ìtọ́jú Ikọ́ Ife: Ṣé Ilé Ìwòsàn Ìjọba Ló Yẹ Ká Ti Parí Rẹ̀ Ni, Àbí ti Aládàáni?

Ẹni tó bá fẹ́ lọ sí Oríòkè-Ìwàmímọ́ láti Igbókòdá, tó jẹ́ ibùjókòó ìjọba ìbílẹ̀ Ìlàjẹ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ọkọ̀ ojú omi ló máa wọ̀. Omi ni ọ̀nà lágbègbè yẹn. Orí omi ni wọ́n ń gbà lọ sọ́jà, orí omi ni wọ́n ń gbà lọ sí ìpàdé ìjọ, orí omi náà sì ni aláìsàn gbọ́dọ̀ gbà kó tó rí dókítà. Bí ìgbì bá dìde, tàbí tí owó epo ẹ́ńjìnnì bá ga, ńṣe ni èèyàn á sún ìrìn àjò náà di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Irú sísún bẹ́ẹ̀ lè má ṣe nǹkan kan fún ẹni tí orí ń fọ́. Àmọ́ ní ti ẹni tí ikọ́ ife ń bá jà, ó lè já sí ikú.

Ẹ jẹ́ ká fojú inú wo apẹja kan tó jẹ́ ọmọ Oríòkè, àmọ́ tó ń ṣiṣẹ́ lÉkòó. Ó ti ń wúkọ́ láti nǹkan bí oṣù méjì, ó ń rù, òógùn sì ń bò ó lóru. Ó lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba, wọ́n yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n rí i pé ikọ́ ife ni, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fún un lóògùn lọ́fẹ̀ẹ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ara rẹ̀ ti ń yá, ṣùgbọ́n owó ti tán lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wá pinnu pé òun á padà sọ́dọ̀ àwọn òbí òun. Ibo ló ti máa gba oògùn oṣù mẹ́rin ààbọ̀ tó kù? Ṣé kó máa wọkọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba, kó máa tò láti òwúrọ̀? Ṣé kó lọ bá dókítà aládàáni kan tó mọ bàbá rẹ̀, tí àwọn aládùúgbò kò ní rí i lọ́dọ̀ rẹ̀? Àbí kó kúkú ra èyí tó bá rí lọ́wọ́ oníkẹ́mísì tó wà nítòsí?

Ìbéèrè yìí kì í ṣe ti apẹja nìkan. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ọlidé dé bá lẹ́nu ìtọ́jú, àwọn agùnbánirọ̀, àwọn obìnrin tó ń ta ẹja láti etíkun dé Èkó, àti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọ tí wọ́n gbé lọ sí ibùdó tuntun, gbogbo wọn ló lè bi ara wọn nírú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. A fẹ́ ṣàlàyé bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jẹ́, torí pé ìdáhùn rẹ̀ yàtọ̀ sí ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn rò.

Ìdí Tí Ara Tó Yá Kò Fi Túmọ̀ Sí Pé Àrùn Ti Lọ

Ní ọjọ́ 24, oṣù March, ọdún 1882, Robert Koch, dókítà ará Jámánì, dìde níwájú àwọn onímọ̀ ìṣègùn nílùú Berlin, ó sì kéde pé òun ti rí kòkòrò tó ń fa ikọ́ ife. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ṣe Àyájọ́ Ikọ́ Ife Lágbàáyé ní ọjọ́ 24 oṣù March lọ́dọọdún. Kó tó dìgbà yẹn, ọ̀pọ̀ èèyàn nílẹ̀ Yúróòpù gbà pé àrùn tí wọ́n ń jogún nínú ìdílé ni, gẹ́gẹ́ bí àwọn kan láàárín wa ṣe ń sọ títí dòní pé èpè tàbí iṣẹ́ ọ̀tá ló ń fà á. Kòkòrò ni. Inú afẹ́fẹ́ ló ń gbà dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn nígbà tí ẹni tó ní in nínú ẹ̀dọ̀fóró bá ń wúkọ́, tó bá ń sín, tàbí tó bá ń kọrin sókè. Àwọn baba wa tó sọ ọ́ ní jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ mọ ohun tí wọ́n ń sọ, nítorí ẹ̀dọ̀fóró gan-an ló ń jẹ.

Kòkòrò yìí kì í kánjú. Àwọn kòkòrò àrùn kan wà tó jẹ́ pé láàárín nǹkan bí ogún sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ọ̀kan ti di méjì. Ti ikọ́ ife máa ń gbà tó nǹkan bí ọjọ́ kan gbáko kó tó pín lẹ́ẹ̀kan. Àwọn míì nínú wọn tilẹ̀ máa ń sùn sí kọ́lọ́fín ẹ̀dọ̀fóró fún ọ̀pọ̀ oṣù, láìṣe nǹkan kan. Àwọn tó jí ni oògùn ń tètè pa. Ìdí nìyẹn tí aláìsàn fi máa ń rí ìyàtọ̀ ńlá láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan: ikọ́ á rọlẹ̀, oúnjẹ á máa wọlé, ẹran ara á sì padà. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń sùn ṣì wà níbẹ̀.

Torí tiwọn ni ìtọ́jú tí wọ́n ń lò ní Nàìjíríà fi jẹ́ oṣù mẹ́fà. Ní oṣù méjì àkọ́kọ́, oríṣi oògùn mẹ́rin tí wọ́n pò pọ̀ sínú hóró kan náà ni aláìsàn á máa lò lójoojúmọ́, ìyẹn rifampicin, isoniazid, pyrazinamide àti ethambutol. Ní oṣù mẹ́rin tó tẹ̀ lé e, ó ku méjì, rifampicin àti isoniazid. Bí ara èèyàn bá ṣe wúwo tó ni wọ́n fi ń mọ iye hóró tó máa gbé mì. Nítorí náà, hóró tí wọ́n kà fún ẹ̀gbọ́n kò gbọ́dọ̀ di ti àbúrò.

Kí ló dé tí oògùn kan ṣoṣo kò tó? Ìtàn kan wà tó ṣàlàyé rẹ̀. Lọ́dún 1943, wọ́n rí oògùn streptomycin ní yunifásítì Rutgers lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Àwọn dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dán an wò lára àwọn aláìsàn, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 1948. Aláìsàn 107 ni wọ́n lò. Nínú àwọn 55 tó gba abẹ́rẹ́ streptomycin, 4 ló kú láàárín oṣù mẹ́fà. Nínú àwọn 52 tí wọ́n kàn ní kó sinmi lórí bẹ́ẹ̀dì, 14 ló kú. Ayọ̀ ṣubú lu ayọ̀. Àmọ́ nígbà tí wọ́n wo àwọn èèyàn náà lẹ́yìn ọdún márùn-ún, iye àwọn tó ti kú nínú ẹgbẹ́ méjèèjì kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra mọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé láàárín àìmọye kòkòrò tó wà lára èèyàn, a máa ń rí ìwọ̀nba díẹ̀ tí streptomycin kò lè pa. Nígbà tí oògùn náà pa àwọn yòókù tán, àwọn díẹ̀ yìí ló bí sí i, tí wọ́n sì gba gbogbo ilé. Bí oògùn bá pé méjì, mẹ́ta, èyí tó bá bọ́ lọ́wọ́ ọ̀kan, òmíràn á mú un.

Ẹni tó ń lo oògùn lọ́sẹ̀ yìí, tó pa á tì lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, tó tún ra oríṣi kan ṣoṣo lọ́jà lọ́sẹ̀ kẹta, ti ń tún àṣìṣe ọdún 1948 ṣe lára ara rẹ̀. Kì í sì í ṣe òun nìkan ló máa jìyà rẹ̀. Lágbègbè Carabayllo, nílùú Lima lórílẹ̀-èdè Peru, àlùfáà Kátólíìkì kan wà tó ń jẹ́ Jack Roussin, ará Boston, tó ń ṣiṣẹ́ láàárín àwọn tálákà. Ikọ́ ife tí oògùn kò ràn mọ́ ló pa á lọ́dún 1995. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó jẹ́ dókítà, Jim Yong Kim àti Paul Farmer, wá bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí láàárín àwọn tó ti ń gbé pọ̀, wọ́n sì rí ìdílé lóríṣiríṣi tí irú àrùn kan náà wà lọ́rùn wọn. Ẹni tí irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ bá ràn kò ní láti tíì lo oògùn ikọ́ ife rí láyé rẹ̀.

Nàìjíríà pàápàá mọ̀ ọ́n. Ọdún 2010 ni ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì ní Ìbàdàn, ìyẹn UCH, bẹ̀rẹ̀ sí í gba àwọn tí ikọ́ ife wọn kò gbọ́ oògùn, òun sì ni àkọ́kọ́ lórílẹ̀-èdè yìí. Lákòókò yẹn, aláìsàn á wà ní wọ́ọ̀dù fún ọ̀pọ̀ oṣù, gbogbo ìtọ́jú náà sì máa ń tó oṣù 20, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ tó lè dí èèyàn létí. Látọdún 2022 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti fọwọ́ sí ìtọ́jú tuntun tó jẹ́ oṣù mẹ́fà, tí kò ní abẹ́rẹ́ nínú, fún ọ̀pọ̀ jù lọ wọn. Ìtura ńlá nìyẹn, àmọ́ ó ṣì le ju ìtọ́jú àkọ́kọ́ lọ.

Ibi Tí Ìyàtọ̀ Wà Gan-an

Nígbà kan rí, àwọn èèyàn gbà pé ẹni tó ní ikọ́ ife gbọ́dọ̀ lọ sùn sí ilé ìwòsàn àdádó, níbi tí afẹ́fẹ́ àti oúnjẹ ti dára. Láàárín ọdún 1956 sí 1959, wọ́n ṣe ìwádìí kan nílùú Madras, ní Íńdíà. Wọ́n pín àwọn aláìsàn sí méjì: àwọn kan lọ sí ilé ìwòsàn àdádó, àwọn yòókù dúró nínú ilé wọn tó há tó sì kún fún èrò, àmọ́ oògùn kan náà ni wọ́n ń lò. Ìwòsàn àwọn tó wà nílé fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀ rárá sí ti àwọn tó lọ sí ilé ìwòsàn, àwọn ará ilé wọn kò sì kó o ju ti àwọn yòókù lọ. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti mọ̀ pé oògùn tí wọ́n ń gbé mì lójoojúmọ́, láìpa ọjọ́ kan jẹ, ló ń wo ikọ́ ife sàn, kì í ṣe bẹ́ẹ̀dì. Ní ìparí àwọn ọdún 1970, dókítà kan tó ń jẹ́ Karel Styblo bá ìjọba Tanzania ṣètò bí wọ́n ṣe máa kọ orúkọ aláìsàn kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, tí ẹnì kan á máa wò ó bó ṣe ń gbé oògùn mì, tí wọ́n á sì mọ bí ọ̀rọ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe parí sí. Nígbà tó fi máa di àárín àwọn ọdún 1990, Àjọ Ìlera Àgbáyé ti mú ètò yẹn lọ sí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Nàìjíríà ti dá ètò tirẹ̀ lórí ikọ́ ife àti ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún 1989, kálukú ìjọba ìbílẹ̀ sì ní alábòójútó kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti mọ gbogbo àwọn tó ń gba ìtọ́jú lágbègbè rẹ̀.

Ohun tó dára jù lọ lọ́wọ́ ilé ìwòsàn ìjọba nìyẹn. Àyẹ̀wò kẹ̀lẹ̀bẹ̀ àti oògùn jẹ́ ọ̀fẹ́, ibi tí wọ́n ti ń yẹ ojúlówó oògùn wò ni wọ́n ti rà á, orúkọ aláìsàn wà nínú ìwé, bí kò bá sì wá, ó yẹ kí ẹnì kan béèrè rẹ̀. Àléébù rẹ̀ kò sì fara sin: èrò máa ń pọ̀, ìyanṣẹ́lódì lè dé nígbàkigbà, agogo tí wọ́n ń ṣí kò bá ti ẹni tó lọ sójú omi lóru mu, kò sì sí ẹni tí kò ní mọ ìdí tí ẹ fi jókòó síwájú yàrá yẹn. Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀fẹ́ kò dé orí owó ọkọ̀. Nígbà tí wọ́n ṣèwádìí lọ́dún 2017 nípa ohun tí ikọ́ ife ń ná ìdílé ní Nàìjíríà, wọ́n rí i pé nǹkan bí ìdílé 7 nínú 10 ló pàdánù ju ìdá márùn-ún owó tó ń wọlé fún wọn lọ́dún lọ, nítorí owó ọkọ̀, oúnjẹ àti iṣẹ́ tí wọn kò lè ṣe. Ẹ wo bó ṣe máa rí fún ẹni tí ọkọ̀ tirẹ̀ ń mu epo.

Ilé ìwòsàn aládàáni ńkọ́? Wọ́n lè sún mọ́ ilé, wọ́n lè ṣí di alẹ́, wọ́n sì máa ń fara balẹ̀ gbọ́ tẹni. Ó ju ìdajì lọ nínú àwọn ọmọ Nàìjíríà tó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ aládàáni ni wọ́n kọ́kọ́ ń lọ bí ara wọn kò bá yá, a sì ń ka oníkẹ́mísì mọ́ wọn. Kò sídìí láti bẹnu àtẹ́ lu èyí. Ìṣòro tó ti wà tipẹ́ ni pé kálukú ń ṣe tirẹ̀. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 1991, wọ́n béèrè lọ́wọ́ 100 dókítà aládàáni nílùú Bombay, tí wọ́n ń pè ní Mumbai báyìí, pé oògùn wo ni wọ́n máa kọ fún ẹni tó ní ikọ́ ife. Oríṣi ìtọ́jú 80 ni wọ́n rí gbà lẹ́nu wọn! Dókítà ni gbogbo wọn o. Bákan náà, ẹni tó ń fowó ara rẹ̀ ra oògùn á ra á títí owó fi máa tán, ìyẹn sì sábà máa ń bọ́ sí àkókò tí ara ti bẹ̀rẹ̀ sí í yá.

Àmọ́ nǹkan ti yí padà lórílẹ̀-èdè wa, ibí yìí sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn kò tíì gbọ́. Ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn aládàáni, àwọn ilé àyẹ̀wò kan, àti àwọn ilé ìwòsàn tí àwọn ìjọ dá sílẹ̀, ló ti wọ inú ètò ìjọba. (Àwọn ilé ìwòsàn ìjọ kì í ṣe àlejò nídìí iṣẹ́ yìí, látọdún 1907 ni iṣẹ́ ìṣègùn àwọn Onítẹ̀bọmi ti wà ní Ògbómọ̀ṣọ́.) Oògùn tí ìjọba ń kó fún ilé ìwòsàn tirẹ̀ náà ló ń kó fún wọn, wọn kò sì gbọ́dọ̀ tà á. Wọ́n lè gba owó káàdì tàbí owó rírí dókítà, àmọ́ oògùn náà jẹ́ ọ̀fẹ́, orúkọ aláìsàn á sì wọ inú ìwé kan náà tí alábòójútó ìjọba ìbílẹ̀ ń yẹ̀ wò. Èyí wà lára ohun tó mú kí iye àwọn tí wọ́n ń rí lọ́dún ní Nàìjíríà gbéra láti nǹkan bí 106,000 lọ́dún 2018 dé ohun tó lé ní 280,000 lọ́dún 2022. Iṣẹ́ ṣì pọ̀ o. Nínú nǹkan bí mílíọ̀nù 10.8 èèyàn tí ikọ́ ife mú kárí ayé lọ́dún 2023, nǹkan bí 5 nínú 100 ló wà ní Nàìjíríà, kò sì sí orílẹ̀-èdè míì ní Áfíríkà tí tirẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, ìyàtọ̀ tó ṣe pàtàkì kì í ṣe ẹni tó ni ilé ìwòsàn. Ìyàtọ̀ náà ni bóyá ilé ìwòsàn náà wà nínú ètò tàbí kò sí níbẹ̀. Bí ẹ bá wọlé tọ dókítà aládàáni, ẹ bi í láìtijú bóyá wọ́n ń kọ orúkọ àwọn tó ní ikọ́ ife sílẹ̀ fún ìjọba, bóyá ọ̀fẹ́ ni oògùn náà, àti ẹni tó máa wá yín bí ẹ kò bá wá gbà á. Bó bá dáhùn dáadáa, kò séwu, ẹ lè dúró síbẹ̀. Bó bá ní kí ẹ ra oògùn náà, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ sì lọ sí ibòmíràn.

Ní ti oníkẹ́mísì, ó lè ràn yín lọ́wọ́ gan-an bó bá jẹ́ pé ńṣe ló rán yín lọ ṣàyẹ̀wò, wọ́n sì ti kọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn láti máa ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tó léwu ni kó ta abẹ́rẹ́ streptomycin fún ẹni tó ń wúkọ́, tàbí kó fún un ní ciprofloxacin tàbí levofloxacin. Àwọn oògùn méjì tó gbẹ̀yìn yìí lè mú kí ikọ́ ife rọlẹ̀ fúngbà díẹ̀, kí àyẹ̀wò má sì rí i mọ́, nígbà tí kòkòrò ṣì ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀.

Bí Ìtọ́jú Ṣe Ń Kúrò Níbì Kan Lọ Síbòmíràn

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ apẹja wa. Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kó ṣe ni pé kó sọ fún nọ́ọ̀sì lÉkòó, kó tó di ọjọ́ tó ń lọ, pé òun ń lọ sílé. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Wọ́n á kọ lẹ́tà tó ń fi aláìsàn ránṣẹ́ fún un. Ohun tó gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀ ni ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ oògùn, àwọn oògùn tó ń lò àti iye hóró, bó ṣe wúwo tó, àbájáde àyẹ̀wò tí wọ́n ti ṣe, àti nọ́ńbà tó ní nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀. Kó gba káàdì ìtọ́jú rẹ̀ dání. Kó gba oògùn tó máa tó o lò dìgbà tó bá fi máa rí ilé ìwòsàn tuntun, kó sì béèrè nọ́ńbà fóònù alábòójútó ìjọba ìbílẹ̀ tó ń lọ. Alábòójútó ibi tó ti kúrò àti tibi tó ń lọ á bá ara wọn sọ̀rọ̀, torí pé ẹni tó bá ti kúrò nínú ìwé kan láìwọ inú ìwé kejì ti di ẹni tó sọnù.

Ìlànà kan náà ni fún ẹni tó ń ti ilé ìwòsàn aládàáni bọ́ sí ti ìjọba, tàbí tó ń ti ti ìjọba lọ sí ti aládàáni. Ìtọ́jú kan ṣoṣo ni, kì í ṣe méjì. Ẹni tó ti lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ọ̀sẹ̀ keje ló máa bẹ̀rẹ̀ níbi tó bá dé, kò ní láti padà sí ọjọ́ kìíní. Bí dókítà tuntun kò bá rí lẹ́tà, kò mọ ibi tó máa ti bẹ̀rẹ̀. Ká ní káàdì ti bọ́ sómi ńkọ́, gẹ́gẹ́ bó ṣe lè ṣẹlẹ̀ sí ọmọ Ìlàjẹ èyíkéyìí? Ẹ lọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n lè pe ibi tẹ́ ẹ ti ń bọ̀. Àìlọ ló burú.

Bí ẹnì kan bá gbàgbé oògùn fún ọjọ́ kan, kó má lo ti ọjọ́ méjì pọ̀. Kó máa bá a lọ lọ́jọ́ kejì, kó sì sọ fún nọ́ọ̀sì. Bó bá ti tó oṣù méjì léraléra tí kò lo oògùn, wọn kì í kàn fún un ní èyí tó kù. Wọ́n á tún kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ yẹ̀ wò pẹ̀lú ẹ̀rọ GeneXpert, tó máa ń sọ láàárín nǹkan bíi wákàtí méjì bóyá kòkòrò náà ti kọ rifampicin. Àmọ́ bí ìtọ́jú bá ń lọ bó ṣe yẹ, awò amúǹkantóbi ni wọ́n fi ń yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wò ní ìparí oṣù kejì, oṣù karùn-ún àti oṣù kẹfà, torí pé ẹ̀rọ GeneXpert lè rí kòkòrò tó ti kú kó sì kà á sí alààyè. A mẹ́nu ba èyí nítorí àwọn kan máa ń sáré lọ sanwó àyẹ̀wò GeneXpert lóṣù kẹta nílé àyẹ̀wò aládàáni, tí jìnnìjìnnì á sì mú wọn.

Ó tún yẹ kí dókítà méjèèjì mọ oògùn tí ẹnì kejì ń kọ. Rifampicin máa ń tètè lé àwọn oògùn míì jáde nínú ara. Obìnrin tó ń fi hóró ṣètò ọmọ bíbí lè lóyún. Ẹni tó ń lo dolutegravir nítorí kòkòrò HIV nílò kí wọ́n fi ẹ̀ẹ̀kan kún iye ìgbà tó ń lò ó lójúmọ́. Bí ibì kan bá ń tọ́jú HIV rẹ̀, tí ibòmíràn sì ń tọ́jú ikọ́ ife rẹ̀, tí kò sọ fún wọn, oògùn á ku díẹ̀ káàtó lápá ibì kan. Rifampicin náà ló ń mú kí ìtọ̀ pọ́n bí ọsàn; kì í ṣe ẹ̀jẹ̀, ẹ má dá oògùn dúró nítorí rẹ̀. Bí ojú bá pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí iyẹ̀pẹ̀ tàbí tí ẹyinjú di yẹ́lò, bí èèyàn bá ń bì ṣáá, tàbí tí ìríran bá ń ṣú, kó dá oògùn dúró, kó sì wọkọ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Ògógóró kò gbọ́dọ̀ wọ ẹnu rẹ̀ ní gbogbo oṣù mẹ́fà náà, nítorí ẹ̀dọ̀ ló ń gbé ẹrù àwọn oògùn yìí.

Àdúrà, Ààwẹ̀ àti Oògùn

Orúkọ Oríòkè-Ìwàmímọ́ ti fi hàn pé ibi àdúrà ni, a ò sì ní kọ irú ọ̀rọ̀ yìí bí ẹni pé ẹnikẹ́ni ń gbàdúrà níbẹ̀ lásán. Nígbà tí Hesekáyà Ọba ń ṣàìsàn dójú ikú, ó gbàdúrà, Ọlọ́run sì gbọ́. Wòlíì kan náà tó mú èsì àdúrà wá fún un ló tún ní kí wọ́n gbé ọ̀pọ̀tọ́ lé ojú eéwo náà. Kò sẹ́ni tó sọ pé ọ̀pọ̀tọ́ yẹn tàbùkù sí àdúrà.

Ohun tó ń kọ wá lóminú ni ìdúpẹ́ tó tètè yá. Ẹnì kan á jẹ́rìí lóṣù kejì pé ara òun ti yá, òótọ́ ló sì sọ. Ẹ bá a dúpẹ́. Lẹ́yìn náà, kí alàgbà kan rọra bi í bóyá ó lo oògùn láàárọ̀ yẹn. Nínú ètò yìí, aláìsàn kọ̀ọ̀kan máa ń ní alátìlẹ́yìn kan tó ń wò ó bó ṣe ń gbé oògùn mì, tó sì ń sàmì sí káàdì. Kò pọn dandan kó jẹ́ nọ́ọ̀sì. Ìyá ìjọ tí ilé rẹ̀ kò jìnnà, tó mọ̀wé kà tó sì lè pa àṣírí mọ́, lè ṣe é dáadáa. Níbi tí òṣìṣẹ́ ìlera kò ti lè wọkọ̀ lójoojúmọ́, irú ẹni bẹ́ẹ̀ gan-an ni ètò náà máa dúró lé.

Ní ti ààwẹ̀, rifampicin máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa bí inú bá ṣófo, torí náà ẹni tó ń gbààwẹ̀ títí di ọ̀sán lè fi omi gbé e mì kí ilẹ̀ tó mọ́. Ààwẹ̀ gbígbẹ ọlọ́jọ́ púpọ̀ kò yẹ ẹni tí àrùn ti fa ẹran ara rẹ̀ gbẹ. Kí àwọn aṣáájú yọ̀ǹda rẹ̀ títí oṣù mẹ́fà á fi pé. Bákan náà, ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ tó bẹ̀rẹ̀ oògùn, ó ṣì lè ko ẹlòmíràn, torí náà ó sàn kó má ṣe bá wọn kọrin nínú yàrá tí wọ́n ti fèrèsé rẹ̀ pa. Afẹ́fẹ́ òkun wà lárọ̀ọ́wọ́tó, ẹ ṣí fèrèsé. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì yẹn, bí oògùn bá ń ṣiṣẹ́, kò sídìí láti máa sá fún un tàbí láti ya ife rẹ̀ sọ́tọ̀. Àmọ́ kí wọ́n kó àwọn ọmọ tó ń bá a gbélé lọ fún àyẹ̀wò, pàápàá àwọn tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, torí oògùn wà tí wọ́n ń fún wọn kó má bàa mú wọn.

Ọ̀rọ̀ kan kù tó kan etíkun yìí ju ibòmíràn lọ. Ní Ayétòrò, ìlú tí àwọn Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ̀ dó lọ́dún 1947, òkun ti gba ọ̀pọ̀ ilé, ó sì ń lé àwọn èèyàn káàkiri. Àdírẹ́sì tí wọ́n kọ sínú ìwé lóṣù January lè ti di omi nígbà tó bá fi máa di oṣù May. Bí alábòójútó bá ń wá irú ẹni bẹ́ẹ̀, ibo ló máa gbà? Nọ́ńbà fóònù méjì ló dáa kéèyàn fún wọn, tirẹ̀ àti ti ẹnì kan nínú ìjọ. Apá tó pọ̀ nínú owó tí wọ́n fi ń ṣètò yìí ní Nàìjíríà ló ń wá láti òkè òkun, nígbà tí Amẹ́ríkà sì dá ìrànlọ́wọ́ rẹ̀ dúró ní oṣù January ọdún 2025, ó hàn gbangba pé àwọn tó ń wá aláìsàn kiri lè dín kù. Aláìsàn àti ìjọ rẹ̀ ló kù tó máa jẹ́ kí ilé ìwòsàn mọ ibi tó wà.

Bí apẹja wa bá wá fẹ́ dín owó ọkọ̀ kù, kó béèrè lọ́wọ́ ilé ìwòsàn bóyá wọ́n lè fún un ní oògùn tó máa tó o lò fún oṣù kan lẹ́ẹ̀kan náà, ní ìgbà tí ó bá ti ní alátìlẹ́yìn tó ṣeé gbára lé. Ọjọ́ tí àwọn ará ilé bá ń lọ sọ́jà Igbókòdá ni kó fi ìgbà gbígba oògùn sí, kó má bàa san owó ọkọ̀ lọ́tọ̀. Nígbà tó bá ṣì ku hóró ọ̀sẹ̀ kan ni kó lọ, kì í ṣe ọjọ́ tó bá tán, torí òkun lè ru lọ́jọ́ yẹn. Kó fi káàdì àti oògùn sínú ọ̀rá méjì, kó di ẹnu rẹ̀ dáadáa, kó sì so ó mọ́ ara kó tó wọ inú ọkọ̀.